Àbíkú Sọ Olóògùn Dèké: Ashaiman, Nẹ́tíwọ̀ọ̀kì àti Ìdìbò Nàìjíríà

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní àbíkú sọ olóògùn dèké. Kì í ṣe pé olóògùn náà kò mọ ewé, kì í sì í ṣe pé kò mọ egbò. Ohun tó ń dójú tì í ni pé àìsàn náà kì í dúró kí wọ́n rí i mú. Ọmọ tí ara rẹ̀ gbóná lóru a máa ṣeré kiri àgbàlá lówùúrọ̀, nígbà tí olóògùn bá sì fi máa dé, kò sí ohun tí ojú rẹ̀ lè rí.

Àbíkú ayé òde òní ni kọ̀ǹpútà àgbà tí wọ́n ń pè ní sáfà, èyí tí àwọn kọ̀ǹpútà yòókù ń ti ọ̀dọ̀ rẹ̀ gba ohun tí wọ́n nílò, bí nẹ́tíwọ̀ọ̀kì rẹ̀ bá ń lọ tó ń bọ̀. Sáfà tó kú pátápátá kò nira púpọ̀ láti tún ṣe, nítorí gbogbo ènìyàn ló gbà pé ó ti kú. Èyí tó ń kú tó ń jí ni ìṣòro, nítorí ìgbà tó bá jí ni àwọn ènìyàn máa ń gbàgbé pé ó kú rí.

Kí òǹkàwé fojú inú wo ṣọ́ọ̀bù kan ní Ashaiman, ìlú elérò púpọ̀ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ Tema, nítòsí Accra, ní orílẹ̀-èdè Ghánà. Ìlú òṣìṣẹ́ ni. Nígbà tí ìjọba Kwame Nkrumah kọ́ èbúté Tema, tí wọ́n sì ṣí i ní ọdún 1962, ọ̀pọ̀ àwọn tó wá iṣẹ́ wá, tí wọn kò rí ilé gbé ní Tema, ni wọ́n fi Ashaiman ṣe ibùgbé. Nínú irú ṣọ́ọ̀bù bẹ́ẹ̀, sáfà kékeré kan wà lábẹ́ tábìlì tó ń bá kọ̀ǹpútà mẹ́wàá ṣiṣẹ́. Ní aago mẹ́wàá àárọ̀, gbogbo nǹkan ń lọ geere. Ní aago méjì ọ̀sán, ó dákẹ́. Ní aago mẹ́ta, ó tún jí. Bí oníbàárà bá béèrè ohun tó ṣẹlẹ̀, ìdáhùn kan náà ni yóò gbà, ìdáhùn tí oníbàárà ní Mushin, ní Ìlọrin àti ní Kánò náà mọ̀ dáadáa: "Nẹ́tíwọ̀ọ̀kì ni."

Ìdáhùn yẹn dùn ún sọ, nítorí pé kò bá ẹnikẹ́ni wí. Nẹ́tíwọ̀ọ̀kì kò lójú, kò nímú, kò sì sí ẹni tó lè pè é lẹ́jọ́. Ìdí nìyẹn tí àwọn olóṣèlú fi fẹ́ràn ọ̀rọ̀ náà ju oníṣọ́ọ̀bù lọ.

Bí onímọ̀ ṣe ń wá ibi tí àrùn wà

Onímọ̀ ẹ̀rọ tó mọṣẹ́ rẹ̀ kì í gba "nẹ́tíwọ̀ọ̀kì ni" gẹ́gẹ́ bí ìdáhùn. Lójú tirẹ̀, ìbẹ̀rẹ̀ ìbéèrè ni. Yóò kọ́kọ́ béèrè pé, ṣé gbogbo kọ̀ǹpútà ló dákẹ́ ni, àbí ẹyọ kan? Bí ó bá jẹ́ ẹyọ kan, a kò lè di ẹ̀bi náà ru ilé-iṣẹ́ tó ń ta íntánẹ́ẹ̀tì. Lẹ́yìn náà ni yóò wo iná. Ní Ghánà, níbi tí wọ́n ti sọ àìdúró iná mọ̀nàmọ́ná lórúkọ, tí wọ́n ń pè é ní dumsor, ẹ̀rọ tí iná rẹ̀ kò dúró ṣinṣin a máa ṣe bí ẹni pé nẹ́tíwọ̀ọ̀kì ni kò dára. Yóò wo wáyà, bóyá ẹnu rẹ̀ ti dẹ̀ tàbí eku ti gé e jẹ. Yóò yẹ̀ ẹ́ wò bóyá ẹ̀rọ méjì ń lo àdírẹ́sì kan náà, nítorí pé bí ẹni méjì bá ń jẹ́ orúkọ kan nínú agbo ilé, lẹ́tà tó tọ́ sí ọ̀kan yóò máa bọ́ sọ́wọ́ èkejì, lónìí fún ẹni yìí, lọ́la fún ẹni yẹn.

Lẹ́yìn èyí ni yóò wá máa ké sí àwọn ẹ̀rọ ní ìpele ìpele. Yóò ké sí èyí tó wà nínú yàrá, yóò ké sí èyí tó wà lẹ́nu ọ̀nà àbájáde, kí ó tó wá ké sí èyí tó wà lókè òkun. Ibi tí ìpè bá ti dákẹ́, ibẹ̀ ni àrùn wà. Bí àrùn náà bá sì jẹ́ ti alọ-tún-bọ̀, yóò ṣí àkọsílẹ̀ tí sáfà fúnra rẹ̀ ń ṣe nípa ohun tó ń ṣẹlẹ̀ sí i. Ẹlẹ́rìí tí kì í sùn ni àkọsílẹ̀ náà. Ó lè sọ aago tí nǹkan dákẹ́, ẹ̀rọ tí kò dáhùn, àti irú àṣìṣe tó wáyé. Ohun kan ṣoṣo ni onímọ̀ yóò sì máa yí padà lẹ́ẹ̀kan. Bí ó bá pààrọ̀ wáyà, tó tún pààrọ̀ ẹ̀rọ ní àkókò kan náà, tí ara sì yá, kò ní mọ èwo nínú oògùn méjèèjì ló ṣiṣẹ́.

Gbogbo ọgbọ́n yìí kò ju mẹ́ta lọ: mọ ibi tí nǹkan ti dákẹ́, ka àkọsílẹ̀, má sì di ẹ̀bi ru ohun tí o kò tíì yẹ̀ wò. Ó ti pẹ́ tó yẹ kí ọgbọ́n yìí kúrò ní ṣọ́ọ̀bù, kí ó wọ ilé aṣòfin, ilé ẹjọ́ àti ọ́fíìsì àjọ elétò ìdìbò.

Ọjọ́ tí nẹ́tíwọ̀ọ̀kì jẹ̀bi lóòótọ́

Òtítọ́ ni pé nígbà mìíràn, nẹ́tíwọ̀ọ̀kì ló jẹ̀bi. Ní ọjọ́ 14 oṣù Kẹta, ọdún 2024, wáyà ńlá mẹ́rin tó gba abẹ́ òkun kọjá, èyí tí í ṣe WACS, MainOne, SAT-3 àti ACE, bàjẹ́ nínú òkun tó kọjú sí Abidjan, ní Côte d'Ivoire. Wáyà abẹ́ òkun márùn-ún ni Ghánà gbójú lé nígbà náà. Glo-1 nìkan ló ṣẹ́kù. Íntánẹ́ẹ̀tì di ọ̀wọ́n gógó láti Abidjan dé Accra, láti Cotonou dé Èkó. Ní Nàìjíríà, àwọn oníbàárà báńkì kan kò rí owó fi ránṣẹ́.

Ṣùgbọ́n ẹ wo bí wọ́n ṣe ṣàlàyé rẹ̀. Wọ́n sọ orúkọ àwọn wáyà tó bàjẹ́. Wọ́n sọ ibi tí wọ́n ti bàjẹ́. Ilé-iṣẹ́ MainOne sọ ohun tí wọ́n fura sí, pé ó jọ pé ìmìtìtì tàbí yíya ilẹ̀ nísàlẹ̀ òkun ló fà á. Àjọ NCA, tó ń mójú tó ètò ìbánisọ̀rọ̀ ní Ghánà, sọ fún ará ìlú pé àtúnṣe náà yóò gbà tó ọ̀sẹ̀ márùn-ún, ó kéré tán. Ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ yẹ ọ̀rọ̀ náà wò lè ṣe bẹ́ẹ̀, nítorí pé ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè ló ń jìyà rẹ̀ lọ́jọ́ kan náà. Àlàyé tó lórúkọ, tó níbi, tó lákòókò, tó sì ṣeé yẹ̀ wò ni àlàyé tó tọ́ sí ọmọ ìlú. Ohun tí kò bá tó bẹ́ẹ̀, àwáwí ni.

Ọjọ́ 25 oṣù Kejì, ọdún 2023

Kí a wá fi òṣùwọ̀n kan náà wọn ohun tó ṣẹlẹ̀ ní Nàìjíríà. Àjọ INEC ti ṣèlérí pé ẹ̀rọ BVAS yóò ya àwòrán ìwé èsì ní ibùdó ìdìbò kọ̀ọ̀kan, yóò sì gbé e lọ sí ojúlé IReV kí gbogbo ayé lè rí i. Ibùdó tó wà lórí àkọsílẹ̀ àjọ náà lé ní 176,000. Ní ọjọ́ ìdìbò, àwọn olùdìbò dìbò fún ààrẹ, fún sẹ́nétọ̀, wọ́n sì dìbò fún aṣojú-ṣòfin. Èsì ti àwọn aṣòfin ń gòkè lọ sórí ojúlé náà. Ti ààrẹ kọ̀, kò gòkè. Ọ̀rọ̀ tó kọ́kọ́ gbalẹ̀ láàárín ìlú kò ju pé nẹ́tíwọ̀ọ̀kì ni.

Ọmọdé tó ń kọ́ṣẹ́ kọ̀ǹpútà ní Ashaiman yóò ti mọ̀ pé àlàyé náà kò tó. Ẹ̀rọ kan náà ni, ibùdó kan náà, òṣìṣẹ́ kan náà àti nẹ́tíwọ̀ọ̀kì kan náà. Bí lẹ́tà mẹ́ta bá jáde láti inú ilé kan, tí ìránṣẹ́ kan náà gbé wọn gba ọ̀nà kan náà, tí méjì dé tí ẹ̀kẹta kò dé, ọ̀nà kọ́ ló burú. Ilé tí lẹ́tà ń lọ ni kí a lọ wò.

Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ló sì rí. Nígbà tí INEC gbé ìròyìn rẹ̀ lórí ìdìbò náà jáde ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2024, àjọ náà ṣàlàyé pé inú ètò kọ̀ǹpútà wọn ni àṣìṣe wà. Ìpínlẹ̀ ìpínlẹ̀ ni ètò náà ń to èsì sí. Sẹ́nétọ̀ àti aṣojú-ṣòfin ní ìpínlẹ̀ tí wọ́n ti wá, ṣùgbọ́n gbogbo Nàìjíríà ni ẹkùn ìdìbò ààrẹ. Nígbà tí èsì ààrẹ dé, sáfà kò rí ìpínlẹ̀ tí yóò tò ó sí, ó sì ń dá a padà pẹ̀lú àṣìṣe.

Àlàyé yìí mọ́gbọ́n dání, kò sì sí ìdí láti pe ẹnikẹ́ni ní òpùrọ́ nítorí rẹ̀. Ṣùgbọ́n ìgbà wo ló dé? Wọ́n ti kéde Bola Tinubu gẹ́gẹ́ bí ẹni tó wọlé ní ọjọ́ 1 oṣù Kẹta, ọdún 2023. Ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ ti dá ẹjọ́ Atiku Abubakar àti Peter Obi ní ọjọ́ 26 oṣù Kẹwàá, ọdún kan náà. Àyẹ̀wò dé lẹ́yìn tí wọ́n ti sin òkú. Ohun tó tún yẹ kó jẹni lọ́kàn ni pé INEC ti lo IReV fún ìdìbò gómìnà ní Èkìtì àti Ọ̀ṣun ní ọdún 2022, níbi tó ti ṣiṣẹ́ dáadáa. Ìdìbò ìpínlẹ̀ kan ṣoṣo ni ti gómìnà. Àṣìṣe tó dúró de ìdìbò ààrẹ kò lè fara hàn níbẹ̀, àyàfi bí ẹnì kan bá mọ̀ọ́mọ̀ dán ìdìbò gbogbo orílẹ̀-èdè wò kí ọjọ́ tó pé.

Àwáwí tí a gbé wọ ilé òfin

Kì í ṣe ìgbà yẹn ni nẹ́tíwọ̀ọ̀kì kọ́kọ́ di ọ̀rọ̀ òṣèlú ní Nàìjíríà. Ní ọdún 2019, ọ̀rọ̀ sáfà INEC ló gba ẹnu àwọn agbẹjọ́rò ní ilé ẹjọ́. Olùpẹ̀jọ́ ní èsì wà nínú sáfà, àjọ náà ní kò sí irú sáfà bẹ́ẹ̀, ẹjọ́ sì parí láìjẹ́ pé ará ìlú mọ ohun tó wà nínú àpótí náà. Ní oṣù Keje, ọdún 2021, àwọn sẹ́nétọ̀ 52 dìbò sí 28 pé kí INEC má ṣe fi ẹ̀rọ gbé èsì àyàfi bí àjọ NCC bá jẹ́rìí sí i pé nẹ́tíwọ̀ọ̀kì tó, tí ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin àpapọ̀ sì fọwọ́ sí i. Ariwo ará ìlú ló jẹ́ kí ọ̀rọ̀ náà yí padà, tí òfin ìdìbò ọdún 2022 fi ọ̀nà tí èsì yóò gbà kọjá lé INEC lọ́wọ́. Nígbà tí ẹjọ́ ọdún 2023 sì dé iwájú ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ, àwọn adájọ́ gbà pé àìgòkè èsì lè dín ìgbẹ́kẹ̀lé ará ìlú kù, ṣùgbọ́n wọ́n ní kò tó ohun tí a fi lè fagi lé ìdìbò.

Báyìí ni ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ṣe di aṣọ tí wọ́n ń wọ̀ sí òde méjèèjì. Kí ìdìbò tó dé, nẹ́tíwọ̀ọ̀kì ni ìdí tí a kò fi gbọ́dọ̀ lo ẹ̀rọ. Lẹ́yìn ìdìbò, nẹ́tíwọ̀ọ̀kì ni ìdí tí ẹ̀rọ kò fi ṣiṣẹ́.

Kẹ́ńyà fi hàn pé ọ̀nà mìíràn wà. Lẹ́yìn ìdìbò oṣù Kẹjọ, ọdún 2017, ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ níbẹ̀, lábẹ́ adájọ́ àgbà David Maraga, pàṣẹ pé kí àjọ elétò ìdìbò ṣí sáfà rẹ̀ sílẹ̀ kí wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò. Àjọ náà kò mú àṣẹ náà ṣẹ bó ṣe yẹ. Wọ́n ti sọ tẹ́lẹ̀ pé ibùdó tó lé ní 11,000 kò sí lábẹ́ nẹ́tíwọ̀ọ̀kì tó já fáfá, ṣùgbọ́n àwọn adájọ́ kò gba èyí ní àwáwí. Òṣìṣẹ́ tí kò rí nẹ́tíwọ̀ọ̀kì níbi tó wà lè rìn dé ibi tó wà. Ní ọjọ́ 1 oṣù Kẹsàn-án, wọ́n fagi lé ìdìbò ààrẹ náà. Ní ọdún 2022, àjọ kan náà gbé ìwé èsì ibùdó kọ̀ọ̀kan, tí wọ́n lé ní 46,000, sí gbangba, tó fi jẹ́ pé láàárín ọjọ́ díẹ̀, ẹnikẹ́ni tó bá ní fóònù lè ṣe ìṣirò tirẹ̀. Kì í ṣe pé nẹ́tíwọ̀ọ̀kì Kẹ́ńyà ti di ti ọ̀run láàárín ọdún márùn-ún. Àwáwí ni kò rí ibi fara pamọ́ sí mọ́.

Ìwé pínńkì Ashaiman

Ẹ jẹ́ kí ọ̀rọ̀ padà sí Ghánà, aládùúgbò tí òun àti Nàìjíríà ti lé ọmọ ara wọn kúrò nílùú rí, ní ọdún 1969 àti 1983, ṣùgbọ́n tí ẹ̀kọ́ rẹ̀ kò tíì sú wa. Ghánà náà ti rí àbíkú ẹ̀rọ. Ní ọjọ́ 7 oṣù Kejìlá, ọdún 2012, àwọn ẹ̀rọ tó ń yẹ ìka olùdìbò wò dákẹ́ ní ọ̀pọ̀ ibùdó, wọ́n sì ní láti tẹ̀ síwájú nínú ìdìbò lọ́jọ́ kejì. Ní ọdún 2016, lábẹ́ alága Charlotte Osei, àjọ elétò ìdìbò fura pé ẹnì kan ti fọwọ́ kan ètò tó ń gbé èsì lórí kọ̀ǹpútà. Wọ́n pa ètò náà tì. Síbẹ̀, láàárín ọjọ́ méjì, èsì jáde, ààrẹ tó wà lórí àlééfà sì gbà pé òun fìdí rẹmi.

Kí ló jẹ́ kí èyí ṣeé ṣe? Bébà ni. Ní ibùdó ìdìbò kọ̀ọ̀kan, yálà ní Ashaiman tàbí ní ìletò jíjìnnà ní ìhà àríwá, wọ́n ń ka ìbò lójú gbogbo ènìyàn, wọ́n ń kọ èsì sórí ìwé tí gbogbo Ghánà mọ̀ sí ìwé pínńkì, àwọn aṣojú ẹgbẹ́ òṣèlú ń fọwọ́ sí i, olúkúlùkù sì ń mú ẹ̀dà tirẹ̀ lọ. Ìwé yìí ni ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ ní Ghánà fi oṣù púpọ̀ yẹ̀ wò lójú tẹlifíṣàn kí ó tó dájọ́ ní ọjọ́ 29 oṣù Kẹjọ, ọdún 2013. Ìwé yìí náà ló jẹ́ kí igbákejì ààrẹ Mahamudu Bawumia lè jáde ní ọjọ́ 8 oṣù Kejìlá, ọdún 2024, ọjọ́ kan péré lẹ́yìn ìdìbò, láti kí John Mahama kú oríire. Àjọ elétò ìdìbò kò tíì kéde èsì. Ẹgbẹ́ Bawumia fúnra rẹ̀ ti ro èsì tó ti ibùdó ìdìbò wá pọ̀, ìṣirò náà kò sì gbà á láyè láti tan ara rẹ̀. Kò sí sáfà ìjọba tí ì báà dákẹ́ lálẹ́ ọjọ́ náà tó lè yí ohun tó wà lọ́wọ́ àwọn aṣojú padà.

Èyí kò sọ bébà di oògùn gbogboǹṣe. Ní Ablekuma North, nínú Accra kan náà, ìjà bẹ́ sílẹ̀ lórí ìwé èsì àwọn ibùdó kan, ẹkùn náà kò sì ní aṣòfin fún oṣù tó lé ní mẹ́fà, títí wọ́n fi tún ìdìbò ṣe ní ibùdó 19 ní ọjọ́ 11 oṣù Keje, ọdún 2025. Ọjọ́ náà pàápàá kò kọjá láìsí ìwà ipá. Bébà ṣeé fà ya, bí wáyà ṣe ṣeé gé. Ìdí nìyẹn tí méjèèjì fi gbọ́dọ̀ máa ṣọ́ ara wọn: kí bébà máa jẹ́rìí sí ẹ̀rọ, kí ẹ̀rọ sì máa jẹ́rìí sí bébà kí jàǹdùkú tó dé ibi ìṣirò.

Ohun tó yẹ kí ará ìlú béèrè kí 2027 tó dé

Àwọn kan yóò sọ pé ìlú wà ní Nàìjíríà tí nẹ́tíwọ̀ọ̀kì kò dé rárá, pé kò bójú mu láti fi ìdìbò gbogbo orílẹ̀-èdè sí abẹ́ ohun tí kò dé ibi gbogbo. Òtítọ́ wà nínú ọ̀rọ̀ wọn. Ṣùgbọ́n ẹ̀rọ BVAS lè pa àwòrán mọ́ títí òṣìṣẹ́ yóò fi dé ibi tí nẹ́tíwọ̀ọ̀kì wà, ó sì dájú pé òṣìṣẹ́ náà yóò kúrò ní ibùdó lọ sí ibi ìṣirò. Àìsí nẹ́tíwọ̀ọ̀kì lè mú kí èsì pẹ́. Kò sọ pé kí ó sọnù, kò sì sọ pé kí ó yí padà lójú ọ̀nà.

Nítorí náà, ohun mẹ́ta péré ló yẹ kí a béèrè. Èkíní, kí INEC dán ètò náà wò ní gbangba bí ìdìbò ààrẹ gan-an, pẹ̀lú gbogbo ìpínlẹ̀, lójú àwọn ẹgbẹ́ òṣèlú àti àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ. Èkejì, kí òfin sọ ọ́ di dandan pé bí èsì kan bá kọ̀ tí kò gòkè, kí àjọ náà gbé àkọsílẹ̀ sáfà jáde láàárín ọjọ́ díẹ̀, kí ẹjọ́ tó bẹ̀rẹ̀, kì í ṣe lẹ́yìn tó ti parí. Ẹ̀kẹta kan àwọn ẹgbẹ́ òṣèlú fúnra wọn. Òfin ti fún wọn ní ẹ̀dà fọ́ọ̀mù EC8A ní ibùdó kọ̀ọ̀kan, wọ́n sì ń lẹ èsì mọ́ ara ògiri níbẹ̀ kí ará ìlú lè kà á. Ìwé pínńkì tiwa nìyẹn. Ẹgbẹ́ tí kò ní aṣojú ní ibùdó, tí kò gba ẹ̀dà, tó wá ń ké lé sáfà lórí ní ilé ẹjọ́, dà bí oníṣọ́ọ̀bù tó ń bú íntánẹ́ẹ̀tì nígbà tí wáyà rẹ̀ wà nílẹ̀ láìkì í bọ inú ẹ̀rọ.

Olóògùn tí àbíkú sọ dèké lánàá lè bọ́ nínú ìtìjú náà, bí ó bá gbà láti jókòó ti ọmọ náà lóru, kí ó máa kọ ohun tó ń rí sílẹ̀ ní wákàtí wákàtí. Ṣùgbọ́n bí olóògùn bá ń sùn lóru, tó sì ń sọ fún ìyá ọmọ ní gbogbo òwúrọ̀ pé nẹ́tíwọ̀ọ̀kì ni, kì í ṣe àbíkú ló sọ ọ́ dèké. Ó ti jẹ́ èké tẹ́lẹ̀.